Kíkọ Ìtàn Ilé ní Ìdálẹ̀

  

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá ti dé ìlú onílùú rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ń rí ilé, kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ó ń rí àwọn méjì tí wọ́n ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, kò mọ̀ pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ọdún mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ẹni tí ń kọ ìtàn àròsọ ń wá lọ sí ìdálẹ̀? Èé ṣe tí a fi ń gbọ́ pé lágbájá lọ jókòó sí ìlú dáradára kan lókè òkun, ó sì ti ibẹ̀ kọ ìwé tí gbogbo ayé ń kà? Ṣé ìlú náà ni ó fún un ní ìtàn ni, tàbí ohun mìíràn ni ó fún un? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan ṣoṣo, kí a sì tẹ̀lé e láti ilé dé ìdálẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni James Joyce. Ìlú Dublin ní ilẹ̀ Írẹ́lándì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1882. Ní ìgbà náà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Írẹ́lándì wà, bí ilẹ̀ tiwa náà ti wà nígbà kan. Òun ni àgbà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Baba rẹ̀ ti rí jẹ rí, ṣùgbọ́n ọtí àti gbèsè gbé gbogbo rẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé náà fi ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Síbẹ̀ wọ́n rán James ní ilé-ìwé, ó sì jáde ní yunifásítì ní ọdún 1902. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ tí a yàn fún òun, ó sì gbà pé Dublin kò ní jẹ́ kí òun ṣe é. Ó ní ìlú náà kéré jù, ojú ti pọ̀ jù lára ẹni, ẹnu àwọn ènìyàn kò sì sinmi.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1904, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22, ó dágbére fún ilé. Nora Barnacle, ọmọbìnrin ará Galway tí ó di ìyàwó rẹ̀, bá a lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ tíṣà ń dúró dè é ní ilẹ̀ Swítsálándì. Ó dé ibẹ̀, kò bá iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó máa lọ sí Trieste. Ó dé Trieste, kò bá iṣẹ́ níbẹ̀ náà. Wọ́n wá rán an lọ sí Pola, ìlú àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó sì kọ́ àwọn ọ̀gágun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 1905, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà sí Trieste. Ibẹ̀ ni ó fi ṣe ilé títí di ọdún 1915, yàtọ̀ sí oṣù díẹ̀ tí ó fi gbé ní Róòmù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa Trieste, nítorí ìlú tí ó dùn ún gbé ni. Etí òkun Adriatic ni ó wà, níbi tí òkè àti omi ti pàdé. Lónìí, ilẹ̀ Ítálì ni ó wà, ṣùgbọ́n nígbà tí Joyce dé ibẹ̀, ọba Ọ́stríà ni ó ni ín, òun sì ni èbúté tí ó tóbi jù lọ ní ìjọba náà. Ní ọdún 1910, àwọn ará ibẹ̀ ti ju 200,000 lọ. Bí ènìyàn bá dúró ní gbàgede ńlá tí ó wà nínú ìlú náà, ilé gíga gíga ni yóò rí ní apá mẹ́ta, òkun ni yóò sì rí ní apá kẹrin. Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà omi kan wọ àárín ìlú, tí ọkọ̀ ojú omi fi lè já ẹrù sí ẹnu ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Kọfí láti ilẹ̀ jíjìnnà ń gba èbúté náà wọlé, ilé tí wọ́n ti ń mu kọfí sì pọ̀ jaburata, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó ka ìwé ìròyìn. Ilé ìṣeré ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èdè Ítálì ni ọ̀pọ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n wọn a tún máa gbọ́ èdè Jámánì, èdè àwọn Slovene, èdè Gíríìkì àti oríṣiríṣi èdè mìíràn lọ́jà kan náà. Ohun tí ó lè lé àlejò kúrò níbẹ̀ ni ẹ̀fúùfù kan tí wọ́n ń pè ní bora. Ìgbà òtútù ni ó máa ń jà jù, agbára rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń na okùn sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà, kí ẹni tí ń kọjá lè rí nǹkan dì mú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Joyce ń gbé níbẹ̀ bí ọlọ́rọ̀ tí ó wá gba afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ni ó ń ṣe. Ilé-ìwé kan ni ó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún owó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Giorgio, dé ayé ní ọdún 1905, ọmọbìnrin rẹ̀, Lucia, sì dé ní ọdún 1907. Owó tíṣà kò tó owó ilé, owó oúnjẹ àti owó aṣọ. Léraléra ni wọ́n ń kó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn nítorí pé onílé ń béèrè owó rẹ̀. Alẹ́, àárọ̀ kùtùkùtù, tàbí wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá wá, ni àkókò tí ó ṣẹ́kù fún ìtàn kíkọ.

Wàyí o, kí ni ó ń kọ? Níta, èdè Ítálì ni wọ́n fi ń ná ọjà, oòrùn ń ràn lórí òkun. Lórí ìwé rẹ̀, àwọn ará Dublin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, òjò Dublin ni ó sì ń rọ̀. Ìwé ìtàn kúkúrú kan ni ó ń kó jọ, tí ó sọ ní Dubliners, èyí ni pé “Àwọn Ará Dublin”. Ìtàn 15 ni ó wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ni ó ti kọ́kọ́ kọ kí ó tó kúrò nílé, púpọ̀ jù lọ nínú ìyókù ni ó kọ ní Trieste. Ọ̀kan sọ ti ọmọkùnrin kan tí ó ṣèlérí pé òun yóò ra ẹ̀bùn wá láti ọjà kan fún ọmọbìnrin tí ó wù ú. Ẹni tí yóò fún un lówó pẹ́ kí ó tó wọlé, nígbà tí ọmọ náà sì dé ọjà, wọ́n ti ń pa iná. Òmíràn sọ ti ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ bá atukọ̀ kan sá lọ sí òkè òkun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ ní èbúté. Òmíràn sì tún sọ ti akọ̀wé kan tí ọ̀gá rẹ̀ dójú tì níbi iṣẹ́, tí ó wá padà sílé lọ na ọmọ rẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀?

Ẹ kíyè sí bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀nà Dublin sí Trieste tó nǹkan bí 1,000 máìlì, kò sì sí bí ó ti lè sáré lọ wò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1905, ó kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Stanislaus, tí ó ṣì wà nílé nígbà náà, ó sì bi í ní àwọn ìbéèrè kan. Ṣé wọ́n lè fi ẹ̀wù iṣẹ́ àlùfáà sin àlùfáà? Ṣé wọ́n lè dìbò ìlú ní oṣù Kẹwàá? Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin kan báyìí, ẹ̀ka wo nínú àwọn ọlọ́pàá ni ó ni àdúgbò náà? Ṣé ọkọ̀ ìlú tí ń gbé aláìsàn yóò lọ síbẹ̀, ilé ìwòsàn wo ni wọn yóò sì gbé ẹni náà lọ? Ìbéèrè wọ̀nyí kéré lójú ẹni tí kò kọ̀wé rí. Lójú ẹni tí ń kọ ìtàn, ìgbà tí ó mọ ìdáhùn wọn ni ìtàn náà tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Àwọn kan rò pé nítorí a ń pe ìtàn ní àròsọ, ohun tí ó bá ti wọ ẹnu ni a lè sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sí ni a lè dá sílẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni a lè rò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a gbé e lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀ tòótọ́. Bí ẹnì kan bá kọ ìtàn nípa ìlú yín, tí ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná ọjà kan tí ẹ̀yin mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an, ṣé ẹ óò gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Ẹ ó ní, “Ẹni yìí kò dé ìlú wa rí.” Joyce mọ̀ pé àwọn ará Dublin yóò ka ìwé náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ibi kan tí wọn yóò fi di í mú.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ti Dublin ni ó ń kọ, kí ni Trieste ṣe fún un? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkínní, ó mú un kúrò lójú àwọn ẹbí àti ará. Ó ṣòro láti kọ òtítọ́ nípa ìyá àgbà kan nígbà tí ìyá àgbà náà bá jókòó sí yàrá kejì, tí yóò sì béèrè lọ́la pé, “Ọmọ mi, ṣé èmi ni o ń bá wí?” Èkejì, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́ èdè ilé dáradára. Ẹja kì í mọ̀ pé omi ni òun wà, àfi bí wọ́n bá mú un jáde. Nígbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ èdè mìíràn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ilé, bí ìyá ti ń pè é, bí alájàpá ti ń polówó, a máa dún létí rẹ̀ ketekete. Ẹ̀kẹta, jíjìnnà a máa sẹ́ ohun tí a rántí bí asẹ́ ti ń sẹ́ ògì. Ẹ̀ẹ̀rí a dúró lókè, ohun tí a ń wá a sì lọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé ẹwà ìlú nìkan kò tó. Ní oṣù Keje ọdún 1906, Joyce kó aya àti ọmọ lọ sí Róòmù, nítorí báǹkì kan ṣèlérí owó tí ó ju ti tíṣà lọ. Ta ni kò tí ì gbọ́ òkìkí Róòmù? Ilé àwọn ọba àtijọ́ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá wà níbẹ̀, àwọn àlejò sì ń ti òpin ayé wá wò ó. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni Joyce ń kọ lẹ́tà fún báǹkì náà. Fún nǹkan bí oṣù méje tí ó lò níbẹ̀, kò kọ ìtàn tuntun kan parí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1907 ó padà sí Trieste, níbi tí owó kò ti pọ̀, ṣùgbọ́n tí àyè wà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bí ẹ bá ti dé ìlú olókìkí ni ìwé yóò máa kọ ara rẹ̀, ẹ rántí Róòmù.

Síbẹ̀, Róòmù ṣe nǹkan kan fún un. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí rò pé òun ti le jù mọ́ àwọn ará ilé òun. Ó kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé nínú gbogbo ìtàn tí òun ti kọ, òun kò fi inúure àwọn ará Dublin sí àlejò hàn rárá. Ẹ rò ó wò! Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di àlejò láàrin àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni ó tó rántí bí wọ́n ti ń ṣe àlejò nílé. Nígbà tí ó padà sí Trieste, ó kọ ìtàn kan kún ìwé náà ní ọdún 1907, èyí tí ó pè ní The Dead, tí í ṣe “Àwọn Òkú”. Àsè tí àwọn ìyá àgbà méjì ń sè fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní àkókò Kérésìmesì ni ó wà nínú rẹ̀: oúnjẹ, orin, ijó, àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Lẹ́yìn àsè náà ni ọkọ kan mọ̀ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ nígbà èwe, tí ó sì ti kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtàn yìí ni ó dára jù lọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí Joyce kò bá kúrò nílé, bóyá kì bá tí mọ ohun tí ilé ń ṣe fún un.

Mo ti sọ èrè, ó yẹ kí n sọ gbèsè pẹ̀lú. Ìlú tí ó dùn a máa gba àkókò lọ́wọ́ ẹni. Ọtí Trieste kò wọ́n, orin ilé ìṣeré sì dùn mọ́ Joyce, ẹni tí òun náà jẹ́ olóhùn orin. Àbúrò rẹ̀ Stanislaus, tí ó wá bá a ní oṣù Kẹwàá ọdún 1905, ni ó ń san owó ilé lọ́pọ̀ ìgbà, òun kan náà ni ó sì ń lọ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde ní ilé ọtí ní òru. A ń yin ẹni tí ó kọ ìwé, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó ń fi owó oṣù rẹ̀ ra búrẹ́dì sílé tí wọ́n ti ń kọ ìwé náà. Trieste náà ni Stanislaus kú sí ní ọdún 1955.

Ìyà mìíràn tún wà. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ kò sí nílé láti jà fún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1906, Grant Richards, ẹni tí ń tẹ ìwé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà láti tẹ ìwé Dubliners. Ṣùgbọ́n nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bí ìwé kan bá ní ohun tí ó lòdì sí òfin, atẹ̀wé pẹ̀lú lè jẹ̀bi. Nítorí náà ẹ̀rù ba atẹ̀wé, Richards sì fà sẹ́yìn. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Dublin tún gbà á ní ọdún 1909, ṣùgbọ́n àwọn náà bẹ̀rù, nítorí pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọtí tòótọ́ ni Joyce fi sínú ìtàn. Wọ́n ní kí ó yí wọn padà. Ní ọdún 1912, ó lọ sí Dublin láti bá wọn sọ ọ́ lójúkojú. Wọn kò gbà. Atẹ̀wé náà ba gbogbo ìwé tí ó ti tẹ̀ jẹ́, Joyce sì fi Dublin sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó rí gbà lọ́wọ́ wọn. Kò padà sí ilẹ̀ Írẹ́lándì mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní Dublin ní ọdún 1931, ọmọ àgbà kò sí nílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1914 ni ìwé náà tó jáde, ẹni tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ni Grant Richards kan náà tí ó ti kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé àlejò nìkan ni ó ń gbà lọ́wọ́ onílé. Nínú àwọn tí Joyce ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin oníṣòwò kan wà, tí ilé iṣẹ́ ìdílé ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ rẹ̀ ni Ettore Schmitz, ó sì ju Joyce lọ ní ogún ọdún. Ó ti kọ ìwé ìtàn méjì, ní ọdún 1892 àti ọdún 1898, pẹ̀lú orúkọ Italo Svevo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kà wọ́n sí, ó sì ti fi ìwé kíkọ sílẹ̀. Tíṣà náà kà wọ́n, ó sì sọ fún un pé wọ́n dára. Ní ti Schmitz, ó ka apá kan nínú ìwé tí Joyce ń kọ lọ́wọ́ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà ìwúrí sí i ní ọdún 1909, nígbà tí ọwọ́ Joyce ti ń rọ. Ìwé náà jáde ní ọdún 1916. Ní ọdún 1923, Schmitz tẹ ìwé kẹta jáde, Joyce sì fi í han àwọn tí ó mọ ìwé ní Paris, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ bàbá náà ṣe di ńlá kí ó tó kú ní ọdún 1928. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Ọ́stríà ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà, Joyce sì jẹ́ ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó Stanislaus sí àtìmọ́lé títí ogun fi parí. James àti ìdílé rẹ̀ rí ààyè lọ sí Zurich ní ọdún 1915, nígbà tí ó sì di ọdún 1920 wọ́n lọ sí Paris. Ní gbogbo ìrìn àjò yìí, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe Ulysses. Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Dublin, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1904, ni gbogbo ìtàn inú ìwé ńlá náà. Trieste ni ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Paris ni ó sì jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1922, ọjọ́ tí Joyce pé ẹni 40 ọdún. Nígbà tí ó fẹ́ parí rẹ̀, ó tún kọ̀wé sí ìyàwó arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Dublin. Ilé kan wà nígbà náà ní ojúlé 7, òpópónà Eccles, tí ọgbà irin wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé ènìyàn lásán lè gun ọgbà náà kọjá, kí ó fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọn, kí ó sì jábọ́ sí ìsàlẹ̀ láì farapa? Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ti kúrò nílé. Òkìkí rẹ̀ ti ń kàn. Síbẹ̀ kò tíjú láti béèrè bí ọgbà ilé kan ti ga tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè wa. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí Joyce fi gbé ní Trieste, ó gbọ́ èdè ibẹ̀ débi pé òun ni ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹyọ ìwé kékeré kan ṣoṣo ni ó kọ tí ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Trieste, ojú ìwé 16 tí ó fi ọwọ́ kọ. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí ó ti kú ní Zurich ní ọdún 1941. Nítorí náà, ìlú àjèjì kò fún un ní ìtàn. Àyè ni ó fún un, àti etí, àti àárò ilé. Àwọn ará Trieste kò sì bínú sí i. Ní ọdún 2004, wọ́n gbé ère rẹ̀ sí orí afárá tí ó wà lórí ọ̀nà omi àárín ìlú wọn, bí ọkùnrin tí ń rìn lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ti àwọn Òyìnbó nìkan nìyí, ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan kún un. Camara Laye, ọmọ Kouroussa ní ilẹ̀ Guinea, lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1947 láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó rí Paris tí gbogbo ayé ń yìn, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Nígbà tí ó jókòó láti kọ̀wé, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ òpópónà Paris ni ó kọ. Àgbẹ̀dẹ baba rẹ̀ ni ó kọ, níbi tí baba náà ti ń yọ́ wúrà, tí àwọn ènìyàn sì ń dúró wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwé rẹ̀, L'Enfant noir, jáde ní Paris ní ọdún 1953, títí di òní sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà á ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Bóyá ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kọ ìtàn. Bí ó bá fi ìwé ránṣẹ́ sílé, tí ó béèrè iye àtẹ̀gùn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìyá àgbà, tàbí orúkọ igi tí wọ́n gé ní ìta ọjà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ ka àtẹ̀gùn náà, kí ẹ sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kò tí ì lọ sí ibi kankan, ìsinsìnyí ni kí ẹ máa wo ilé dáradára. Ẹ wo bí wọ́n ti ń kí ara wọn, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń jà àti bí wọ́n ti ń parí ìjà, ẹ mọ orúkọ nǹkan. Ẹrù tí ẹ óò dì lọ nìyẹn, kò sì sí aṣọ́bodè tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín.

Àlejò ní ojú lóòótọ́, kò fi ríran ní ìlú onílùú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lo ojú rẹ̀ dáradára nílé, ó lè jókòó sí etí òkun tí ó jìnnà, kí ó sì rí ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀ kedere.